Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Ẹ Má Ṣe Lu Ohun Èlò Orin Àwọn Ọmọ Wa ní Gbàǹjo

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alákòóso,

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo sì ní ọmọ méjì tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ọkùnrin kan ní JS 2 àti obìnrin kan ní SS 2. N kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tàbí ti ẹnì kankan yín nínú lẹ́tà yìí, nítorí pé n kò kọ ọ́ láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sí gbangba nítorí pé lẹ́tà méjì tí mo ti fi jíṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín kò ní èsì títí di òní, àti nítorí pé àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sọ fún mi pé irú ìpinnu yìí ni wọ́n ń gbọ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Nínú ìwé tí ẹ fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gba ìsinmi, ẹ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, ẹ̀kọ́ orin kò ní ní píríọ́ọ̀dù tirẹ̀ mọ́ ní JS 1 títí dé JS 3. Ẹ ní yàrá orin yóò di yàrá kọ̀ǹpútà, pé olùkọ́ orin kan ṣoṣo tí a ní yóò bọ́ sí kíkọ́ Civic, àti pé piyánò, àwọn fèrè idẹ báńdì, fèrè rìkọ́dà àti ìlù tí ó wà nínú yàrá náà ni ẹ ó lù ní gbàǹjo. Àlàyé tí ó tẹ̀lé ìpinnu ńlá yìí kò ju ìlà márùn-ún lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú àwọn àlàyé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí a sọ nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀.

1. Ẹ ní ìjọba àpapọ̀ ni ó pa á láṣẹ.

Òtítọ́ ni pé nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, a kó orin, àwòrán yíyà, ijó àti eré orí ìtàgé pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Cultural and Creative Arts, tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA. N kò bá yín jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n àkójọpọ̀ kì í ṣe ìfagilé. Orin ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú CCA, kò sì sí ibì kankan tí a ti ní kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn yàrá orin tàbí kí ó ta piyánò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ wa ń fi píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún orin nìkan láì ṣẹ òfin kankan, tí olùkọ́ àwòrán sì ń mú ìyókù. Ẹ̀yin ni ẹ yí i padà, kì í ṣe Àbújá.

Ohun tí ẹ kò sọ nínú ìwé yín ni pé ní ipele SS, orin dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, WAEC àti NECO sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìdánwò WAEC lórí orin ní apá àfọwọ́ṣe, níbi tí ọmọ yóò ti jókòó níwájú olùdánwò, tí yóò sì lo ohun èlò tàbí kí ó kọrin. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ohun èlò kankan fún ọdún mẹ́ta ní JS, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ní SS 1 kí ó sì yege ní SS 3? Olùkọ́ àwòrán tí ẹ fẹ́ kó gbogbo CCA lé lọ́wọ́ jẹ́ ènìyàn dáadáa, ọmọ mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó bá àwa òbí sọ òótọ́ nínú ìpàdé, pé òun kò lè ka nóòtì orin, pé òun kò sì lè kọ́ ọmọ ní ohun tí òun kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn lórí tábìlì àwọn àgbà ní ọjọ́ náà.

2. Ẹ ní orin kì í gbé ọmọ dé yunifásítì.

Gbólóhùn yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé láàárín ilẹ̀ Yorùbá ni a ti kọ ọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, tí ó ti di yunifásítì báyìí. Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ orin. Ní Oníkan, ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ti wà láti ọdún 1989, ó ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí dípúlómà ọlọ́dún méjì, MTN Foundation sì ti san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Kí ọmọ tó wọ ibi tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ó ní láti lè lo ohun èlò tàbí kí ó kọrin kí wọ́n gbọ́. Wọn kì í kọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ní dò, rè, mí.

Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905. Àlùfáà tí ó mọ orin ni bàbá rẹ̀. Èkó ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì wà lábẹ́ ọwọ́ T. K. E. Phillips, ẹni tí ó jẹ́ olùtẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti ọdún 1914 títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko. Nígbà tí Ṣówándé kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó ní lọ́kàn láti kọ́, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n ti fi sí i lára láti kékeré ni ó padà di iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi gba oyè ẹgbẹ́ àwọn olùtẹ dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ga jù lọ ní ọdún 1943. Kò sí ohun tí ó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní gbòǹgbò nínú ìjókòó ọmọdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà kan nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó.

Ẹ tún wo ìdílé Ransome-Kútì. Bàbá àgbà, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, kọ orin ìyìn Yorùbá sínú àwo ní àwọn ọdún 1920. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta láti ọdún 1932 títí di 1954. Fẹlá, ọmọ-ọmọ, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, àwọn ẹbí ń retí dókítà, ó sì gba Trinity College of Music lọ. Gbogbo ayé ni ó mọ ìyókù. Èmi ń tọ́ka sí ohun tí ó ṣáájú ìyókù yẹn, ìyẹn ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò ti ka orin sí eré àṣedànù fún ọmọ. Bí ẹni tí ó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà bá ti ta dùùrù, n kò mọ ohun tí à bá máa fi yangàn lónìí.

N kò retí kí gbogbo ọmọ JS 1 di Fẹlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò di nọ́ọ̀sì, oníṣòwò, mẹkáníìkì. Àwọn díẹ̀ ni yóò máa tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn yóò máa gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò, tí wọn yóò máa ṣe orin sínú fíìmù, iṣẹ́ gidi sì ni ìwọ̀nyí tí a ń fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà ní ìlú yìí. Àwọn ìyókù yóò kàn mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀.

3. Ẹ ní orin ń gba àkókò ẹ̀kọ́ gidi mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wọ JS 1, kò lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó ń fi wọ́n síbẹ̀ bí ẹni ń fọ́n ata sọ́bẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá rẹ̀ gbìyànjú, èmi náà gbìyànjú, kò yé e. Olùkọ́ orin ni ó tú u. Ó mú rìkọ́dà, ó fọn dò, ó fọn rè, ó fọn mí, ó sì ní kí kíláàsì máa fi sọ̀rọ̀. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, rè-rè. Ọkọ́ tí a fi ń roko, rè-mí. Ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́, rè-dò. Ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, dò-dò. Lẹ́yìn náà ó gbé kànnàngó fún ọmọ kan, ó ní kí ó lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì fẹnu sọ̀rọ̀, kí àwọn tókù sọ èyí tí ó lù. Ọmọ mi darí dé ilé ní ọjọ́ yẹn, ó ń fi síbí lu orúkọ gbogbo wa lára ife. Láti ìgbà náà ni àmì ohùn kò ti jẹ́ ìṣòro fún un mọ́, ó sì gba máàkì tí ó dára nínú ìdánwò Yorùbá ní sáà tí ó tẹ̀lé e. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń kọrin kí ẹnikẹ́ni tó fi orin sí i, ìlù dùndún sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwa tó mọ̀ ọ́n kọ. Ṣé ẹ̀kọ́ Yorùbá náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ gidi?

Bákan náà ni ó rí nínú ìṣirò. Nóòtì tí ó gba iye mẹ́rin ni ọmọ ń pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, tí etí rẹ̀ yóò sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ṣì í pín. Agogo kóńkóló tí a ń gbọ́ nídìí ìlù wa wà lórí iye 12. Lórí 12 kan náà ni onílù kan yóò ti máa ka mẹ́ta-mẹ́ta, tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò máa ka mẹ́rin-mẹ́rin, wọn yóò sì jọ pàdé. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó mọ dùùrù tẹ̀ ni yóò mọ ìṣirò. Mo ń sọ pé ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín 12 kò ní sá nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá kọ ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin sójú pátákó.

4. Ọ̀kan nínú yín ní ìlù kò yẹ ọmọ ẹlẹ́sìn, pàápàá ọmọbìnrin.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé, n kò sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gùn. Dùndún ń ró nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé Àyàn tí ó ń lù ú ni Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kírun, tí wọ́n sì ń gba ààwẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin, Ará, obìnrin onílù tí a mọ̀ dáadáa, ti gbé gángan kọ́ èjìká lójú gbogbo ayé, apá rẹ̀ kò sì já.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ní Erin-Ọ̀ṣun, nínú ìdílé onílù, ìdí ìlù kékeré ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, omele tàbí gúdúgúdú, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gbé ìyáàlù. Àwọn àgbà a máa jókòó tì í, wọn a máa tún un ṣe, ọdún a sì máa gorí ọdún. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé ìmọ̀ bàtá mẹ́ta dé ọ̀hún, wọ́n sì ń pe èyí tí ó tóbi jù ní ìyá títí di òní. Wọ́n pa á mọ́ láìní ilé-ẹ̀kọ́, láìní ìjọba tí ó fẹ́ràn wọn. Àwa tí a ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì ní olùkọ́, àwa ni a fẹ́ lu bàtá ní gbàǹjo.

5. Ẹ ní kò sí owó.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ owó. Fún ọdún mẹ́ta ni àwa òbí ti ń san owó ohun èlò orin mọ́ owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ó wà lórí rìsíìtì. Mo ní mẹ́sàn-án lọ́wọ́ fún ọmọ kan. Nínú ọdún mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tí ó tún piyánò náà ṣe, kò sí awọ tuntun lójú ìlù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn rìkọ́dà tí àwọn ọmọ ń lò, ọ̀dọ̀ olùkọ́ orin ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, owó oṣù rẹ̀ ni ó fi rà wọ́n. Níbo ni owó náà wọlé sí? N kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Mo ń béèrè àkọsílẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ àwa tí a san án.

Ohun mìíràn ni pé piyánò tí ẹ fẹ́ tà kì í ṣe ti Ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó dáwó rà á, a sì fi í ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ kí àwọn ọmọ lè máa lò ó. Orúkọ àwọn tí ó dáwó ṣì wà lára pátákó kékeré tí a kàn mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú wọn ti di olóògbé. A kì í gba ọrẹ lọ́wọ́ ènìyàn kí á gbé e lọ sọ́jà láì sọ fún un. Ooru àti ọyẹ́ ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún tó kọjá, ó ní igi rẹ̀ kò tíì jẹrà, àtúnṣe ni ó ń fẹ́.

Bí owó bá sì jẹ́ ìdí lóòótọ́, ẹ rántí pé ní Kinshasa, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, àwọn ènìyàn dá ẹgbẹ́ olórin ńlá kan sílẹ̀ ní ọdún 1994 nínú àìní tí ó ju tiwa lọ, tí ọ̀pọ̀ ń pín ohun èlò kan lò, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe.

6. Yàrá kọ̀ǹpútà.

Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ọmọ wa sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Ṣùgbọ́n kíláàsì méjì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá tí a ń kó àga fífọ́ sí. Ẹ kó àga náà jáde.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé. Kí ẹ dá gbàǹjo náà dúró, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé sí gbogbo òbí pé ẹ ti dá a dúró. Kí ẹ dá píríọ́ọ̀dù orin kan lọ́sẹ̀ padà sínú CCA fún JS 1 sí JS 3, kí olùkọ́ orin sì jẹ́ ẹni tí yóò máa kọ́ ọ. Kí ẹ ṣí ìwé owó ohun èlò orin ọdún mẹ́ta náà sílẹ̀ níwájú ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kí ẹ yan òbí méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan mọ́ ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò ka gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá orin, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ní tiwa, a kò kàn fẹ́ máa pàṣẹ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mẹ́fà ti fohùn ṣọ̀kan láti gbé owó àtúnṣe piyánò náà. Èmi yóò máa wá ní ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù láti kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá onílù kan ní àdúgbò wa ti ní òun yóò fi awọ tuntun sí àwọn ìlù náà, kí a ṣáà ra awọ àti ọṣán.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ rí àyè ṣe ohun tí ó ṣe nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń sọ fún ọmọ pé kí ó gbé igi yẹn sílẹ̀ kí ó lọ kàwé. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó fún ọmọ tí ó ń kọ́ rìkọ́dà. Ẹ jẹ́ kí ó fọn ọ́n. Kò ní dùn létí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fara dà á. Ẹ sì wá sí ìpàdé tí ó ń bọ̀.

Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní SS 2 ti fi orin sí ara iṣẹ́ tí yóò ṣe nínú WAEC lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà yàrá orin, ó ti fi rúlà àti bírò ya ojú piyánò sórí páálí, funfun àti dúdú, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an. Bí ó bá jẹun alẹ́ tán, yóò tẹ́ páálí náà sórí tábìlì, yóò máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, èmi yóò sì máa fi ẹnu kọ ohùn ibi tí ó bá tẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ bá yá ju ẹnu mi lọ, yóò dúró dè mí.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́